Ẹni Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án

Ní erékùṣù tí wọ́n bí Asimína sí, ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń sinmi ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá báyìí, ọkọ̀ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í já àlejò sílẹ̀ ní èbúté, kò sì ní yé já wọn sílẹ̀ títí oṣù Kẹwàá. Àlejò á béèrè yàrá, á béèrè kọfí, á béèrè ọ̀nà etíkun, á sì fẹ́ mọ ìdí tí omi ilé ìwẹ̀ kò fi gbóná tó. Asimína ló ń dá wọn lóhùn. Òun àti ìyá rẹ̀, Kaliópi, ló ń tọ́jú ilé àlejò tó wà lókè èbúté, ilé alájà kan tí bàbá rẹ̀ kọ́ kó tó di olóògbé. Wọn kò gba òṣìṣẹ́. Kaliópi ní kò sí àjèjì tó lè tẹ́ aṣọ ibùsùn kó tẹ́jú bí òun ṣe ń fẹ́ ẹ.

Asimína ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè láti yàrá kejì. Nínú oṣù Kẹjọ, ìdúró ló ń jẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, àwo tó ń fọ̀ lọ́wọ́ kejì. Kò ráhùn. Ìyá rẹ̀ náà kò ráhùn, ìyá rẹ̀ sì fi ọgbọ̀n ọdún jù ú lọ.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ń jẹ́ Stamátis. Ó ní ọkọ̀ onígi kan tó fi ń kó àlejò lọ sí àwọn etíkun tí mọ́tò kò lè dé. Orúkọ rẹ̀ fara jọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń sọ fún ènìyàn pé kó dúró, wọ́n sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi bínú sí i mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ibi ìbòji, á fi akẹtẹ̀ bo ojú, á sì sùn títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Bí àwọn àlejò bá sì ti lọ tán lọ́dún, tó ti fa ọkọ̀ gòkè, oorun ọ̀sán náà á wá di iṣẹ́ gan-an.

Wọ́n ti mọ ara wọn láti kékeré bí gbogbo ará erékùṣù ṣe mọ ara wọn, ìyẹn ni pé wọn kò mọ ara wọn. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀ gidi ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí àlejò kan gbàgbé àpò oògùn rẹ̀ sí yàrá, tí Asimína sì wọkọ̀ Stamátis láti gbé e tọ̀ ọ́ lọ ní etíkun. Ó fún aláìsàn náà ní oògùn, ó padà sídìí ọkọ̀, ó sì bá Stamátis tó ń tẹ́ ìrọ̀rí sílẹ̀.

Ó ní kó jọ̀wọ́, kó gbé òun padà kíá, nítorí aṣọ wà lórí okùn. Stamátis ní òun yóò gbé e padà, bí òun bá jí. Inú bí Asimína. Ó jókòó sí igun ọkọ̀, ó na ẹ̀yìn ró ṣánṣán, ó sì pinnu pé òun yóò máa wo ọkùnrin náà bí ẹni wo olè títí yóò fi jí.

Nígbà tí Asimína ṣí ojú, oòrùn ti wà lápá ibòmíràn. Okùn ọkọ̀ ti fi àmì sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, aṣọ Stamátis sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí oòrùn má bàa pa á. Ọkùnrin náà ti jí, ó ń bó èso lọ́wọ́. Ó fún un ní ìdajì.

Lójú ọ̀nà, Asimína bi í pé, "Ṣé báyìí lo ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́ ni."

"Àwọn àlejò ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń dúró. Kí ni wọ́n bá wá síbí, bí kò ṣe pé kí wọ́n dúró?"

Asimína ronú sí ìdáhùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n ó ń rántí bí ara òun ṣe rí nígbà tí òun jí. Ní ìgbà òtútù, nígbà tí èbúté ti dá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lójú ọ̀nà oko ólífì, lẹ́yìn ìsìn, ní ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Stamátis kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń bá rédíò jiyàn, ó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Kí oko ólífì tó tún so, Asimína ti mọ̀ pé òun ń wá a lójú bí òun bá jáde.

Lọ́dún kejì, bí àlejò ṣe lọ tán, Stamátis rán bàbá tó gbé e ṣe ìrìbọmi, Bàbá Zanís, pé kó lọ bá òun tọrọ Asimína lọ́wọ́ Kaliópi. Bàbá náà wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ kóòtù, ó fá irùngbọ̀n. Kaliópi gbé kọfí àti àdídùn èso kalẹ̀ fún un, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Asimína wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kaliópi ní, "Ọmọkùnrin yẹn níwà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n n kò ní fa ọmọ mi fún ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án."

Bàbá Zanís rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá jẹ́ tìyẹn ni, ìdajì ilẹ̀ Gíríìkì ló ń sùn lọ́sàn-án, òun alára wà lára wọn.

"Ìdajì ilẹ̀ Gíríìkì kọ́ ló ń bọ̀ wá fẹ́ Asimína," ni Kaliópi dá a lóhùn, ó sì bu àdídùn sí i fún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí lọ́dún náà. Asimína kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun kò jà, ṣùgbọ́n ó ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni ìyá òun sọ. Ilé kan, yàrá mẹ́jọ, àti ọkùnrin tó ń na ẹ̀yìn nígbà tí agogo ẹnu ọ̀nà ń dún, báwo ni yóò ṣe rí? Kaliópi kò sì jẹ́ kó ṣaláìrí ẹlòmíràn. Pandelís wà, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní èbúté, tó jẹ́ pé bí àkókò àlejò bá parí, kò ní ti ṣọ́ọ̀bù tán kó tó kọjá sí Áténì lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ títí ọdún Àjíǹde. Kaliópi máa ń dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ bí ẹni dárúkọ ojú ọjọ́ tó dára. Asimína kò ní ẹ̀sùn kankan sí Pandelís. Òun ni kò mọ ohun tí òun yóò bá a sọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e le ju gbogbo èyí tó ti kọjá lọ. Àlejò kún erékùṣù débi pé àwọn kan ń sùn sínú mọ́tò. Ní òwúrọ̀ tí àwọn tó gbẹ̀yìn lọ, Asimína kó gbogbo aṣọ ibùsùn ilé náà sápá, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Orí aṣọ náà ló ṣubú sí, nítorí náà kò fi ibì kankan ṣèṣe. Ohun tó ba Kaliópi lẹ́rù ni pé kò gbìyànjú láti dìde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo òkè àjà.

Dókítà erékùṣù yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àrùn kankan. Ó ní àárẹ̀ ni. Ó ní kó kúrò nílé náà, kó lọ síbi tí kò ti ní rí bẹ́ẹ̀dì tó gbọ́dọ̀ tẹ́. Kaliópi gbọ́ ọ bí ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n ó pe Marigó lórí fóònù.

Marigó ni àbúrò bàbá Asimína, ẹgbẹ́ Kaliópi sì ni lọ́jọ́ orí. Edipsós ló ń gbé, ìlú tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀ tó sì ń ṣàn wọ inú òkun, tí àwọn tí orúnkún ń dùn ti ń wá láti ibi gbogbo. Kò bímọ. Ó ní ahọ́n mímú, ó sì fẹ́ràn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Ó ní kí wọ́n rán an wá lọ́la.

Ìsinmi kò tètè gbọ́ ti Asimína. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, Marigó dìde lọ ilé ìtọ̀, nígbà tó sì padà, ó bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní títẹ́, ìrọ̀rí ní gbígbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì ó bá fèrèsé ní nínù. Lọ́jọ́ kẹta ó kó ọwọ̀ àti korobá, ó kó wọn lọ sílé aládùúgbò, ó ní kó bá òun tì wọ́n mọ́lé. Ó wá mú Asimína lọ sí etí omi.

Àwọn àgbà ló kún inú omi náà, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ orúnkún. Oòrùn oṣù Kẹwàá kò le mọ́, èéfín ń rú lójú omi. Obìnrin kan bi Asimína pé kí ló ń ṣe é. Ó ní ó rẹ òun ni. Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀, ó ní ọmọdé lásán-làsàn, ó sì sún fún un kó lè rí ibi tó gbóná jù. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ṣàjèjì sí i. Etí rẹ̀ ń retí kí wọ́n pè é, wọn kò sì pè é.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sùn lórí àga gbọọrọ nínú ọgbà Marigó, nígbà tó sì jí, ó rántí inú ọkọ̀ onígi, ó sì sunkún díẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀. Marigó rí i. Ó wọlé, ó sì wá nọ́ńbà Stamátis, tí Asimína ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, lọ́wọ́ Bàbá Zanís.

Bí Asimína ṣe ń ti etí omi bọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ó fi aṣọ ìnura wé irun, ó bá Stamátis nídìí tábìlì Marigó, tó ń jẹ ẹ̀wà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ó ti wọ ọkọ̀ òkun kan, ó ti wọ bọ́ọ̀sì, ó tún ti wọ ọkọ̀ òkun mìíràn. Marigó ní òun gbàgbé nǹkan sílé aládùúgbò, ó sì jáde.

Wọ́n bi ara wọn nípa òkun, wọ́n bi ara wọn nípa ẹsẹ̀ Bàbá Zanís tó ń dùn ún. Stamátis ní òun kò wá fi ipá mú un. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ṣì máa dúró ni, àbí kí òun má dúró mọ́.

Asimína tú aṣọ ìnura lórí, ó tún un wé. Ó ti ń ro ohun tó fẹ́ sọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì nira fún un láti sọ. "Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo fẹ́ràn rẹ. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ mi ló fẹ́ràn rẹ. Ìwọ nìkan lo sọ fún mi rí pé kí n jókòó. Ẹni tó bá rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fún un ní àga ni yóò fẹ́ràn."

Stamátis jẹ ẹ̀wà tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Ó ṣeé ṣe," ni ó wí. Ó tún ní, "Ó dáa, sinmi tán ná. Bó o bá ti sinmi tán, tún ọ̀rọ̀ náà wò. N kò lọ síbì kankan."

Ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Marigó bínú. Ó ní ẹni tó la òkun méjì kọjá ni Asimína fi ẹ̀wà lásán ṣe lálejò. Asimína ní òun kò lé e, Stamátis fúnra rẹ̀ ló lọ. Ohun tó ń dùn ún gan-an náà nìyẹn. Ọkùnrin náà kò bẹ̀ ẹ́, kò di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ìgbàgbọ́ ló ní nínú rẹ̀ ni, àbí ọ̀lẹ ló ya? Ṣé ìfẹ́ náà ló ń sinmi lé, àbí ó ń sùn lórí rẹ̀ bó ṣe ń sùn lórí gbogbo nǹkan? Ó gbé ìbéèrè yìí lọ sínú omi, ó gbé e bọ̀.

Oṣù Kọkànlá wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà. Ara rẹ̀ wá le gan-an débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pẹ̀lú Marigó lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Nígbà náà ló jókòó ro ọ̀rọ̀ Stamátis bí ẹni ń yẹ yàrá wò kó tó gbà á. Òrùlé ilé rẹ̀ ti ń jò láti ọdún tó kọjá, abọ́ ló gbé sábẹ̀ rẹ̀. Kì í gbé fóònù. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, kì í sọ. Á kàn lọ dùbúlẹ̀ ni. Gbogbo àbùkù wọ̀nyí wà níbẹ̀ ketekete, kò sì sí àárẹ̀ kankan mọ́ tó lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó wò wọ́n dáadáa, ó sì rí i pé ohùn tí ọkùnrin náà fi ń bá rédíò jiyàn ni òun fẹ́ máa gbọ́ nínú ilé.

Ó pè é. Kò gbé e, nítorí ọ̀sán ni. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, òun ló pe padà.

"Mo ti sinmi tán," ni Asimína wí.

"Ẹn-ẹ́n?"

"Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà bó ṣe wà."

Asimína gbọ́ tó mí sínú, tó sì mí síta. "Ó dáa," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Òrùlé yẹn ńkọ́?"

"Mo ti ń ronú sí i."

"Má ronú sí i mọ́. Gun orí rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n Kaliópi kò tíì gbọ́. Òun ló wá fúnra rẹ̀ ṣáájú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, láìsọ fún wọn pé òun ń bọ̀, pẹ̀lú àpò méjì tí ọ̀kan nínú wọn kún fún aṣọ ibùsùn tirẹ̀. Ó ní ìyá Pandelís ti wá bá òun, ó wá tọrọ Asimína fún ọmọ rẹ̀, ó sì ń retí ìdáhùn. Ó tún ní ìsinmi tí Asimína lọ ti pọ̀ ju àìsàn tó ṣe é lọ. Kó tó bọ́ kóòtù ó ti rí i pé ilé ìdáná Marigó dọ̀tí. Ó béèrè ọwọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ibi tó wà fún un, ó lọ gbà á.

Ní ilé ìdáná náà, bó ṣe ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ni Asimína sọ fún un pé Stamátis ni òun yóò fẹ́. Kaliópi kò dáwọ́ dúró. Ó ní òun ti fèsì sí ọ̀rọ̀ yẹn lójú Bàbá Zanís.

"Èsì tiyín nìyẹn, Ìyá mi," ni Asimína wí. "Èmi kò tíì fún un ní tèmi nígbà náà. Mo ti fún un báyìí."

Kaliópi ní kó lọ, kó lọ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kó má retí pé òun yóò dúró níwájú àlùfáà wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Asimína jáde lọ sínú ọgbà. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó lè fẹ́ Stamátis láìsí ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ó sì mọ̀ pé ìyá òun yóò máa dá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá mẹ́jọ títí yóò fi ṣubú lórí àtẹ̀gùn kan náà, kò sì ní sí ẹni tó máa wà nísàlẹ̀.

Marigó kò dá sí i. Ó kàn ń sọ ọ̀rọ̀ orúnkún. Ó sọ ọ́ títí Kaliópi, tí orúnkún ń dùn ní tòótọ́, fi gbà pé òun yóò ti ẹsẹ̀ bọ omi náà, ẹsẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́ta ló wà nínú omi náà dé ọrùn, Kaliópi láàárín wọn, pẹ̀lú fìlà Marigó lórí. Ó di ojú. Ooru náà mú un. Wọ́n rò pé ó ti gbàgbé wọn.

"Ilé kún lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí láìla ojú. "Bàbá rẹ ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀. Mo ní ó dáa, kó lọ, pé n óò pè é bí kọfí bá jinná. Kọfí jinná."

Asimína kò béèrè, nítorí ó wà nílé lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú lójú oorun. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ó rántí pé òun gbé aṣọ ìnura dání nígbà tí ìyá òun jáde láti yàrá náà, tó sì sọ fún òun jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí òun má jẹ́ kí àwọn àlejò mọ̀ títí dókítà yóò fi dé. Wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ fún àwọn àlejò lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé oúnjẹ òwúrọ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ náà Asimína kò rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run, kò sì rò ó rí pé nǹkan méjèèjì tan mọ́ra. Ó ti rò pé bí ìyá òun ṣe rí nìyẹn.

Ó na ọwọ́ lábẹ́ omi, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Marigó, tí òkú náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yí ojú sí apá òkun.

Nígbà tí wọ́n délé, Kaliópi ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀ kí òun tó lọ aṣọ. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ tì í. Ó sì sùn.

Asimína fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ń wo àyà ìyá rẹ̀ bó ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀. Ìgbà kan wà tí ó dà bíi pé kò gòkè mọ́, ọkàn Asimína sì fò, ó ti na ọwọ́ tán kí obìnrin náà tó mí. Ó wá mọ ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: pé kó máa gbé pẹ̀lú irú ìbẹ̀rù yìí lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nítorí ọkọ ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀tọ́ ni.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí Kaliópi tó ṣí ojú. Ó dìde jókòó, ó wo àyíká rẹ̀, irun rẹ̀ ti dàrú.

"Ẹ ò jí mi."

"A ò jí yín, Ìyá mi."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti pe òun. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó pè é. Kò lọ aṣọ kankan lọ́jọ́ náà. Ó jẹ ẹja, ó mu ọtí wáìnì díẹ̀, ó sì tún lọ sùn.

Wọ́n lo ọjọ́ mélòó kan sí i. Kaliópi ń lọ sínú omi láràárọ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n bẹ òun mọ́. Kò dárúkọ Stamátis, kò dárúkọ Pandelís. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà lọ sílé, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì èbúté tí wọ́n ń retí ọkọ̀ òkun, ó gbé àpò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àpò náà wí.

"Bó bá ń sùn lọ́sàn-án nílé mi, kó máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo fẹ́ máa gbọ́ èémí rẹ̀."

Asimína ní òun yóò sọ fún un.

"Kì í ṣe pé kó tì í díẹ̀. Kó ṣí i pátápátá."

"Mo gbọ́, Ìyá mi."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà nínú oṣù Kìíní, lẹ́yìn tí àlùfáà ti bùkún òkun tán bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, nígbà tí kò sí àlejò kankan ní erékùṣù àfi àwọn ológbò. Ìwọ̀nba ènìyàn ló wá, nítorí ìwọ̀nba ènìyàn ló kù nílé. Òjò rọ̀. Bàbá Zanís jó ju ìyàwó lọ. Kaliópi dúró níwájú àlùfáà nínú aṣọ aláwọ̀ búlúù, aṣọ tí kò ṣe dúdú tó kọ́kọ́ wọ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Pandelís fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ láti Áténì, ẹ̀bùn gidi, kò sì sí ẹ̀dùn nínú ọ̀rọ̀ tó kọ mọ́ ọn.

Stamátis gun òrùlé lóòótọ́, ó tú ìdajì rẹ̀, òjò sì dé bá a níbẹ̀. Nítorí náà ilé àlejò ni tọkọtaya náà kó sí títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé, nínú yàrá tó sún mọ́ ilé ìdáná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, wọ́n jẹun tán, Stamátis dìde, ó lọ dùbúlẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ pátápátá. Asimína dùbúlẹ̀ tì í. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi sùn.

Asimína di ojú, ṣùgbọ́n kò tíì sùn. Ó ń gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń fọ àwo. Ó gbọ́ tó pa ẹ̀rọ omi. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà, tó sì dúró síbẹ̀ pẹ́, tí Stamátis ń mí sínú tó ń mí síta. Ó retí kí ẹsẹ̀ náà padà sídìí àwo. Kò padà. Ohun tó gbọ́ ni àga tí wọ́n rọra fà wá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, àti ìyá rẹ̀ tó jókòó.